Aago Mẹ́ta Òru, Pákátá

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin la fi ṣe é,
èmi àti Sálíhù ọmọ onípákó Òkè Málẹ̀,
nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀,
níbi tí iná ìjọba ti ń wá bí àlejò tó ṣìnà.
Èmi ni mo ya ògiri, mo ya àgbàlá, mo ya kànga,
mo ya ewúrẹ́ Ìyá Múníra pẹ̀lú etí rẹ̀ tó ya.
Òun ló fi ẹ̀mí sí wọn lẹ́sẹ̀.

Ọmọdékùnrin kan ló wà nínú géèmù náà.
Ó gbé agolo mílíìkì àti igi dání,
ó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé kí ilẹ̀ tó mọ́,
ó ń jí àwọn ará àdúgbò fún sààrì.
Bó o bá gbàgbé ilé kan,
ẹni inú ilé náà á gba ààwẹ̀ láìfẹnu kan nǹkan,
ojú rẹ̀ á sì máa wò ọ́ títí di ìrọ̀lẹ́.
Kò sí ìbọn. Kò sí ẹni tó kú.
Ìtìjú nìkan ni ìyà ibẹ̀.

Mo ní, "Sálíhù, jẹ́ ká sọ fáyé."
Ó ní rárá.
Ó ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà lókè òkun
tó ju tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, láìsọ, láìfọhùn,
kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀kẹ́ àìmọye ti rà á.
Ó ní ohun tí a bá pariwo rẹ̀ jù máa ń ṣá kó tó dé,
bí ìyàwó tí wọ́n ti yìn fún ọdún mẹ́ta.
Ó ní, "Iyọ̀ kì í polówó."

Mi ò rí èsì fún un lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ọ̀rọ̀ iyọ̀ máa ń dùn létí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jù ú sílẹ̀ ní aago mẹ́ta òru,
òru kẹrin oṣù ààwẹ̀,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà péré.
A ò sọ fún ìyá, a ò sọ fún ọ̀rẹ́.
A jókòó ti fóònù bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn.
Níta, àwọn ajíwéré gidi ń kọjá lọ,
wọ́n ń lu agolo, wọ́n ń pe orúkọ baba onílé,
gbogbo Pákátá ń dáhùn, "A ti jí o!"
Sálíhù nawọ́, ó ti fèrèsé.

Mo wò ó.
Ẹni tó fi ọdún méjì kọ́ ọmọdé bí a ṣe ń jí ayé,
òun ló wá ń yọ́ kẹ́lẹ́ kọjá lójúlé gbogbo ayé.

Nígbà tí oòrùn yọ, ènìyàn mẹ́ta ló ti rà á.
Ọ̀kan ni Sálíhù fúnra rẹ̀, ó ń wò ó bóyá owó ń wọlé.
Ọ̀kan ni èmi. Mi ò sọ fún un.

Ìgbà yẹn ni èsì iyọ̀ wá sí mi lẹ́nu:
iyọ̀ ti wà lẹ́nu gbogbo ayé kó tó dọ́jà.
Ilé-iṣẹ́ òkè òkun yẹn, ogún ọdún ló ti fi polówó
ká tó gbọ́ pé kò polówó.
Ẹni tí a ń retí nìkan ló lè dé lójijì.
Ẹni tí a ò mọ̀, bó bá wọlé láìkanlẹ̀kùn,
olè la ó pè é,
tàbí ká má tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wọlé.

Mo fẹ́ sọ ọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo gbé e mì.

Ẹnìkẹta ńkọ́? Obìnrin kan ni, láti Ṣààré, Àsíáwù lorúkọ rẹ̀.
Ó kọ̀wé ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì:
"Mo rí kànga ilé ìyá àgbà mi nínú géèmù yín.
Wọ́n ti dí i pa láti ìgbà tí mo wà ní kékeré.
Ta ló sọ fún yín pé okùn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé?"
Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo ṣèèṣì ni.

Sálíhù kà á lẹ́ẹ̀mẹ́fà.
Ó ní, "Ṣó o rí i? Ó ṣiṣẹ́."
Mo ní, "Fún ẹnì kan."
Ó ní, "Ẹni tó jí ti jí."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ra ṣọ́ọ̀kì méjì ní Ọjà Ọba.
Mo kọ orúkọ géèmù wa sára ògiri onígbàjámọ̀,
gàdàgbà, pẹ̀lú ọfà tó nà sí ẹnu ọ̀nà wa.
Òjò pa á rẹ́ kí wọ́n tó kírun Alaásárì.
Mo ra ṣọ́ọ̀kì mìíràn.